Kọ́mẹ́ńtì: ṣé èsì ni, àbí ìdásí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀ láàárọ̀ àná ni mo fẹ́ sọ nǹkan sí. Fún ẹni tí ò bá wọn níbẹ̀, wọ́n ní ó ti tó kí Yorùbá ní orúkọ gidi fún ohun tí òǹkàwé bá sọ sí nǹkan téèyàn kọ, ìyẹn ohun tí gbogbo wa ń pè ní kọ́mẹ́ńtì, wọ́n ní ká máa pè é ní "èsì", kí ọ̀rọ̀ tán. Àǹtí wa kan wá ní àwọn ò rí ohun tí kọ́mẹ́ńtì ṣe wá tá a fi ń lé e kiri, pé ṣebí àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn ń kọ fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì sínú ìwé gírámà, kò sẹ́ni tó bú wọn. Òótọ́ ni Àǹtí sọ o. Èmi náà ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò, inú bọ́ọ̀sì ni mò ń lo ìdajì ayé mi ní Èkó yìí, mi ò sì pe bọ́ọ̀sì ní nǹkan míì rí. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti wà nílẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà, tá à ń lò ó lójoojúmọ́ tá ò kàn fiyè sí i, kí ló dé tá a fi máa lọ yá ti ẹlòmíì?

"Èsì" ò wọlé sí mi lára. Kí èsì tó wáyé, ẹnìkan ti ní láti béèrè nǹkan. Ẹ ránṣẹ́ sí mi, mo fún yín lésì. Ọmọ ṣe ìdánwò, èsì jáde. Wọ́n dìbò, gbogbo Mushin ò sùn, rédíò wà létí, èsì ni wọ́n ń retí. Ẹni tó jókòó sílé ẹ̀ jẹ́jẹ́ tó kọ ìtàn ìyá ìyá ẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, báwo lohun tí mo bá sọ sí i ṣe wá jẹ́ èsì? Kò rán mi níṣẹ́. Èmi ni mo yọjú.

Àwọn tó kù tẹ́ ẹ ti dárúkọ, mo máa sáré gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá ni. "Àríwísí", ẹni tó bá pe tèmi bẹ́ẹ̀ ti sọ fún mi pé àléébù ni mo wá wò, a rí nǹkan wí sí i ni. "Lámèyítọ́" ti di tàwọn tíṣà lítíréṣọ̀, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ wọn ní yunifásítì. "Àkíyèsí" létí tèmi, ara ògiri ló wà, wọ́n fẹ́ kìlọ̀ fún yín pé ẹ má tọ̀ síbẹ̀. "Èrò" ì bá dáa, àmọ́ ọmọ Èkó tó bá rí "èrò mẹ́rìnlá" lábẹ́ nǹkan tó kọ, dáńfó lọkàn ẹ̀ á kọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo ti rí tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọ dáńfó ní Ọ̀yìngbò, mò ń lọ sí Ìdúmọ̀tà. Kọ́ńdọ́ ò ní ṣénjì (ìgbà wo ni wọ́n ní in rí?), ló bá so bọ̀bọ́ kan pọ̀ mọ́ bàbá kan, ó kó ṣénjì àwọn méjèèjì lé bàbá lọ́wọ́, owó odindi kan, pé tí wọ́n bá bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lọ pín in. Bọ̀bọ́ ní òun ò gbà, òun ń kánjú, òun ò lè máa tẹ̀ lé bàbá olóbàbá kiri Ìdúmọ̀tà wá ẹni tó máa bá wọn ṣẹ́ owó. Ni ariwo bá bẹ̀rẹ̀. Màmá kan jókòó níwájú mi, wọ́n gbé abọ́ pánlá lé itan, gbogbo ọkọ̀ ń rùn pánlá. Màmá ní, "Mi ò ní dá sí i o." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Mi ò ní dá sí i, àmọ́ ìwọ kọ́ńdọ́ yìí..." Ẹ gbà mí! Màmá yìí sọ̀rọ̀ látìgbà tá a kọjá Ìddó, a gun bíríìjì Kátà, a sọ̀ lódìkejì, wọn ò tíì mí. Wọ́n bá kọ́ńdọ́ wí, wọ́n bá bọ̀bọ́ wí pé báwo lèèyàn ṣe ń jáde nílé láìmú owó kéékèèké dání, wọ́n bi bàbá léèrè kí ló ṣe ẹnu ẹ̀ tó ń dákẹ́, nígbà tó yá wọ́n tú ìdí ìró, wọ́n bá wọn ṣẹ́ owó, ó parí.

Ohun tí màmá yẹn ṣe gan-an lẹ̀ ń wá orúkọ fún. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ìjà ò kàn wọ́n. Wọ́n dá sí i. Mi ò sì tíì gbọ́ ọ rí nínú dáńfó kankan, láti Òṣòdì dé Ọbáléńdé, kí ẹnìkan sọ pé "mi ò ní fèsì o, àmọ́". Torí náà ìdásí ni tèmi. Kò tiẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tuntun kankan níbẹ̀, ì- la kàn fi síwájú dá sí, bá a ṣe ṣe é fún ìdáhùn. Ẹ tún wo ohun tí dá ń ṣe káàkiri: a ń dá owó, a ń dá èsúsú, kálukú mú tiẹ̀ wá sójú agbo. Mi ò sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo dá wọ̀nyẹn o, kí ẹ̀yin onígírámà má nà mí, mo kàn ń sọ bó ṣe ń dún létí ẹni tó bá gbọ́ ọ.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ máa ní dá sí ní òórùn àtojúbọ̀ lára, pé ṣebí "ta ló ní kó o dá sí i?" lèèyàn máa ń jágbe mọ́ aláṣejù. Bẹ́ẹ̀ ni. Òórùn yẹn gan-an ni mo fẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ni, kó mọ̀ pé wọn ò pe òun, á jẹ́ kó fara balẹ̀ díẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà rántí báwọn àgbà ṣe kọ́ wa? Ọmọdé tó bá fẹ́ pòwe níbi tágbà wà á kọ́kọ́ ní "tótó, ó ṣe bí òwe o," wọ́n á ní "wàá rí òmíràn pa." Tótó yẹn, ìyẹn ni "mi ò ní dá sí i" ti màmá onípánlá.

Ibi tí mo ti wá fẹ́ yà kúrò lọ́dọ̀ gbogbo yín ni pé orúkọ kan ò tó. Ẹ jẹ́ n tú àṣírí ara mi. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn mo kọ nǹkan nípa Ẹ̀yọ̀, gígùn ẹ̀ ò kéré, mo ṣàpèjúwe agbádá funfun, ọ̀pámbàtà, báwọn bàbá ṣe máa ń lé ẹni tó bá wọ bàtà, mo wá kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé àkẹtẹ̀ pupa ni Ẹ̀yọ̀ Adímú, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Ẹ̀yọ̀, máa ń dé. Àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí mi. Mo kà wọ́n. "Ẹ kú iṣẹ́." "Ẹ kú làákàyè." "Ọpọlọ yín á máa jí pépé." Orí mi wú. Ẹnì kejìlélọ́gbọ̀n, bàbá kan, kọ ìlà mẹ́ta péré: "Ọmọ mi, o káre. Dúdú ni ti Adímú, Alákẹtẹ̀ Pupa lò ń wí. Àbí Ìsàlẹ̀ Èkó kọ́ lo ti wo Ẹ̀yọ̀ ni?" Ojú tì mí dé ìdí. Mo tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, mo wá ìyá mi lọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́, wọ́n ní bàbá yẹn ò purọ́.

Ṣé ẹ wá fẹ́ sọ fún mi pé nǹkan kan náà ni ti àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti ti bàbá yẹn? Ti àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ègbè ni. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín o, ègbè ò kéré. Ẹni tó bá ti pa àlọ́ fún ọmọdé rí mọ̀ pé tó bá ní "Ààlọ́ o!" tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn "Ààlọ̀!", kò ní lè bẹ̀rẹ̀, ẹnu ẹ̀ á wúwo. Èmi náà ti kọ nǹkan rí tó jẹ́ pé ẹyọ ẹnu kan ò là sí i, n kò kọ òmíràn fún oṣù mẹ́rin. Torí náà ègbè ló ń mú kéèyàn máa kọ ọ́ lọ. Àmọ́ ègbè ò lè tún orin ṣe, ohun tí olórin bá dá, tó bá ṣì í, ègbè á bá a ṣì í ni. Ìjálá ni kẹ́ ẹ wò: ọdẹ kan ń sun ìjálá, ó ṣi oríkì ìdílé kan pè, ọdẹ míì tó mọ̀ ọ́n á dá a dúró pé kì í ṣe báyẹn, á sì gba ẹnu ẹ̀ sun ún. Ìdásí nìyẹn.

Ẹni tó sọ lánàá pé ti ayé òyìnbó orí fóònù ni gbogbo èyí, ẹ má bínú, ìwé ìròyìn Èkó ti ṣe é tipẹ́. Lọ́dún 1929, Isaac B. Thomas tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde, Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, arẹwà Èkó tó ti fi ayé ẹ̀ ṣe ṣìná, tí àìsàn wá dè mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọ̀wé sí olóòtú nípa ẹ̀, olóòtú ń tẹ ìyẹn náà jáde, ọ̀rọ̀ náà wọ 1930. Thomas fúnra ẹ̀ ló ń kọ Sẹ̀gilọlá! Ẹ wò ó, mo máa ń rò ó pé tí kì í bá ṣe àwọn tó kọ̀wé wá yẹn, bébà lásán ni Sẹ̀gilọlá ì bá jẹ́. Ìdásí wọn ló sọ ọ́ dèèyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé Èdè-Ìperí méjèèjì nílé, àwọn ìwé tó ń fún ọ̀rọ̀ ìmọ̀ òyìnbó lórúkọ ní Yorùbá, ti Bámgbóṣé ní 1984 àti ti Awóbùlúyì ní 1990, ẹ mọ̀ pé torí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ṣe jókòó, kì í ṣe torí ọ̀rọ̀ inú dáńfó. Tiwa nìyí, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ègbè fún ẹni tó kí wa, ìdásí fún ẹni tó mú nǹkan wá. Ẹni tó wá bú ìyá wa, èébú ni, ìyẹn ti lórúkọ.

Ó ku ẹni tó ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ní "olùdásí", ó tẹ́ mi lọ́rùn. Tẹ́ ẹ bá ní "adásí", ẹni tí wọ́n dá sí lójú ogun ló jọ létí mi. Ẹ̀gbọ́n elésì, ó dọwọ́ yín.