"Kí" ló nilé, kì í ṣe "aláìdájú"

Ẹ̀yin ará ilé,

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, mo kàn ń dákẹ́ ni. Àmọ́ àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. (Ẹ fi "kórí" yẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.)

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: àbúrò wa obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Sípéènì ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, ló béèrè orúkọ tí a lè fún subjuntivo ní Yorùbá. Ó ní tí àwọn ọmọ òun bá ti dé ibẹ̀, ṣe ni ojú wọn máa ń ṣú. Ohun tó wà ńbẹ̀ kò kúkú pọ̀. Tí gbólóhùn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo fẹ́ kí ìwọ", "ó ṣe pàtàkì", tàbí tó bá ń sọ ìdí tí a fi ṣe nǹkan, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e á yí ìrù padà: "habla" á di "hable", "come" á di "coma", "vive" á di "viva". Èyí tó ní a tẹ́lẹ̀ á gba e, èyí tó ní e á gba a, bí ọmọkùnrin méjì tó pààrọ̀ fìlà lọ́jọ́ ọdún. Ìyẹn kọ́ ló ń dà wá láàmú. Orúkọ ni.

Ẹnì kan dáhùn pé ká máa pè é ní "ọ̀rọ̀-ìṣe aláìdájú", torí pé ohun tí kò dájú ni wọ́n fi ń sọ. Ẹnì kejì, ará Oǹdó bíi tèmi, lọ tú èdè Látìn wò. Ó rí i pé "sub" ni abẹ́, ó sì gbé "ìṣe-abẹ́" kalẹ̀ fún wa. Ẹ tún kan sáárá sí i!

Ẹ ṣàánú etí wa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pe "ìṣe-abẹ́" sókè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo ojú ẹni tó jókòó tì yín. Ibi tí aṣọ bò ni àwọn ìyá wa ń fi ọ̀wọ̀ pè bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá yọ àmì orí rẹ̀, ẹ ti dé iwájú onígbàjámọ̀, abẹ nìyẹn. Tí ẹ bá wá ṣi "ìṣe" pè díẹ̀ báyìí, iṣẹ́ abẹ dé, kí wọ́n gbé yín wọ tíátà ọsibítù ló kù. Ọmọ ọdún 14 wo lẹ fẹ́ kọ ọ́ sójú pátákó fún tí kò ní rẹ́rìn-ín títí aago á fi lù? Ohun tí àwọn ará Látìn ní lọ́kàn ni pé irú ọ̀rọ̀-ìṣe yìí máa ń so mọ́ gbólóhùn mìíràn. Àwa náà sì ti ní orúkọ fún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tipẹ́: awẹ́ gbólóhùn afarahẹ. Afarahẹ! Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ mọ Yorùbá. Kò sí abẹ́ kankan níbẹ̀.

"Aláìdájú" ló dùn mí jù, torí ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́. Ọ̀gá mi, ta ni ọ̀dájú? Ẹni tí ojú kì í tì, tí àánú kì í ṣe. Nígbà náà aláìdájú á jẹ́ ẹni tí ojú ń tì, ọ̀rọ̀-ìṣe onítìjú lẹ dá sílẹ̀ yẹn. Ẹ fèsì pé ẹ ti tún un ṣe, pé ó ti di "aláìdánilójú". Mo rí i. "Àì" inú rẹ̀ ni mi ò lè gbé mì. "Àì" la fi ń pe ohun tó yẹ kó wà tí kò sí: àìgbọràn, àìlera, àìmọ̀kan. Kí ni ohun tí "hable" ń wá tí kò rí? Odidi ọ̀rọ̀ ni, ara rẹ̀ pé ṣáṣá.

Yàtọ̀ sí ti orúkọ, ọ̀rọ̀ ìdánilójú yẹn gan-an kì í ṣe òótọ́. Ará Sípéènì á sọ pé "Me alegro de que estés aquí", inú mi dùn pé o wà níbí. Ẹni náà dúró síwájú rẹ̀, ó ń fojú rí i, ó ṣeé fọwọ́ kàn. Síbẹ̀ "estés" ló lò, kò lo "estás". Ẹ wá yí i síbòmíì. "Creo que viene", mo rò pé ó ń bọ̀. Èrò lásán ni o, ó lè máà wá. "Viene" ṣì dúró bó ṣe wà. Àfi tó bá ní "no creo" ló tó di "que venga". Torí náà èdè Sípéènì kò bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú. Ohun tó ń bi ọ́ ni pé: ṣé ìròyìn lo gbé wá, tàbí o kàn fẹ́, o kàn kọ̀, o kàn yọ̀ sí i?

Bí ẹ bá wá ní kí n dárúkọ tèmi, èyí tí ẹni kan ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí lọ́sẹ̀ tó kọjá, "ìṣe-kí" ni. N kò yí ohùn padà. Ẹ gbọ́ méjì yìí:

"Dice que vienes." Ó ní o ń bọ̀.
"Dice que vengas." Ó ní kí o máa bọ̀.

"Dice" kan náà, "ó ní" kan náà. Wọ́n yí ìrù ọ̀rọ̀-ìṣe padà, àwa ti "kí" bọ àárín. Ẹ mú ti pàtàkì: "Es importante que estudies", ó ṣe pàtàkì kí o kàwé. Ẹ mú ti ìdí: "Te lo digo para que lo sepas", mò ń sọ ọ́ fún ọ kí o lè mọ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹnì kan náà ló fẹ́, tó sì fẹ́ ṣe é, àwa méjèèjì á sinmi: "Quiero ir", mo fẹ́ lọ. Tí ẹni tó máa lọ bá yàtọ̀: "Quiero que vayas", mo fẹ́ kí o lọ. Ọmọ Àkúrẹ́ tó ti ń sọ èyí látìgbà tó ti ń mu ọmú, ẹ fẹ́ máa kọ́ ọ pé ohun àjèjì ni?

Ọ̀mọ̀wé láti Àkùngbá sọ pé "kí" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe rárá, asopọ̀ ni, ó sì ń wá ṣáájú olùwà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń ṣàkóso ọ̀rọ̀-ìṣe láti ọ̀nà jíjìn. Ta ló gbọ́ "mo fẹ́ kí o yóò lọ" rí? Tí "kí" bá ti wà níbẹ̀, "yóò" á sá. Nínú èdè Sípéènì náà, èyí tó jẹ mọ́ ọjọ́ iwájú nínú subjuntivo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Inú ìwé òfin ló kù sí, àti inú òwe bíi "Adonde fueres, haz lo que vieres", ibi tí o bá dé, ohun tí o bá rí i pé wọ́n ń ṣe ni kí o ṣe. (Ẹ tún rí "kí" níbẹ̀? N kò mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀.)

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù ni "má". Mo mọ̀ pé kò lọ. Mo fẹ́ kí ó má lọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ "mo fẹ́ kí kò lọ", kódà ọmọ ọdún mẹ́ta. Níbo ni "má" ti wá? Láti inú ìkìlọ̀: má wá, má jókòó síbẹ̀. Ẹ lọ wo ti Sípéènì. "Ven", wá. Tí wọ́n bá fẹ́ kìlọ̀, wọn kì í ní "no ven", "no vengas" ni wọ́n ń sọ. Subjuntivo nìyẹn! Ibi tí "má" wa ń gbé ni tiwọn náà kọ́lé sí. Èdè méjì tí kò bá ara wọn tan rárá o. Ọdún 29 ni mo fi kọ́ Yorùbá ní iléèwé girama ní Oǹdó, mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé tí wọn kò bá mọ ìyàtọ̀ "kò" àti "má", kí wọ́n lọ bi ìyá wọn. N kò mọ̀ pé mò ń kọ́ wọn ní èdè Sípéènì.

Ẹni tí èyí kò bá tíì yé, kó gbàdúrà. "Venga a nosotros tu reino": kí ìjọba rẹ dé. "Hágase tu voluntad": ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe. "No nos dejes caer en la tentación": má fà wá sínú ìdẹwò. Kí, kí, má. Venga, hágase, no dejes. Ojú ẹsẹ̀ ni ọmọ-ọmọ mi obìnrin pariwo nígbà tí mo kọ ọ́ síwájú rẹ̀. Kí ẹ̀yin Mùsùlùmí inú wa má bínú, tiyín náà wà ńbẹ̀: "ojalá" tí wọ́n ń fi ń ṣàdúrà, tí subjuntivo gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, láti ẹnu àwọn Lárúbáwá tó jẹ gàba níbẹ̀ láyé àtijọ́ ni wọ́n ti gbà á, "bí Ọlọ́run bá fẹ́" ni. Ó wọ èdè wọn bí àlùbáríkà ṣe wọ tiwa.

Mo ní kí n sọ ìtàn kan, ẹ fara dà á. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe lébìrà kòkó ní Fernando Po, tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí, nígbà tí Sípéènì ṣì ń jọba níbẹ̀, kó tó di pé wọ́n gba òmìnira ní 1968. Láti erékùṣù yẹn náà ni irúgbìn kòkó ti wọ Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1870. Àwọn èèyàn wa wá tún padà lọ bá a nílé rẹ̀! Ìgbà tí Bàbá dé, òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n máa ń jí wa lọ sóko: "Bẹ́ńgà! Bẹ́ńgà!" A rò pé orúkọ ọ̀lẹ ni. A fi ń bú ara wa nílé ìwé, ẹni tó bá gbẹ̀yìn kíláàsì ni Bẹ́ńgà. Àfi lọ́dún tó kọjá, tí fóònù ọmọ-ọmọ mi sọ ọ́ lẹ́nu bí èèyàn: "venga". Ó ní ẹni tí o bá jù lọ, tàbí ẹgbẹ́ rẹ, lo ń pè ní "ven". Ẹni tí o bọ̀wọ̀ fún ni "venga". Ẹ wò ó, gbogbo ọdún yẹn, "ẹ máa bọ̀" ni Bàbá ń sọ fún àwa ọmọ kékeré tí imú ń dà. Subjuntivo náà ni wọ́n yá lò fún ọ̀wọ̀ yẹn. Ó sì yé mi. Tí bàbá mi bá rán mi sí àgbà, n kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ kí n ní "ẹ wá". "Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀" ni. "Kí" ló ń bá wa rọ ọ̀rọ̀ náà kó má le jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ń jò, n kò ní bò ó. Níbi èrò ọkàn ni. "No creo que venga": mi ò rò pé ó ń bọ̀. "Pé" ló wà níbẹ̀, kò sí "kí". "Inú mi dùn pé o wà níbí", "pé" náà ni. Mo ti wá a káàkiri, mi ò rí i. Ọ̀mọ̀wé wa lè fi èyí nà mí, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ ẹ̀rù dá nǹkan díẹ̀ padà fún mi: "Temo que se caiga", ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ ṣubú. "Kí" nìyẹn, pẹ̀lú "má" tí kò sọ pé rárá. Ìdí tó fi wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ dọ̀la. Àbúrò wa ní Alágbàká, fi "ìṣe-kí" kọ́ wọn ní ti fífẹ́, ti pàtàkì àti ti ìdí. Tó bá di "no creo" àti ti ìdùnnú, sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà, kí wọ́n há a sórí.

Ẹni tó ní wọ́n á ṣi "ìṣe-kí" gbọ́ bí ọ̀rọ̀ nípa kíkí èèyàn: ìkíni lorúkọ ìyẹn. Ẹni tó ní "kórí" inú òwe mi kì í ṣe "kí" yìí: fọ́ ọ sí méjì, "kí orí ọmọ tuntun wọ́", kó o tún sọ fún mi ohun míì tó jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ "kí ń lọ" pẹ̀lú àmì òkè lórí n, tí ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é l'Ékòó: "ń" yẹn ni ti "ó ń lọ". Àárín ni ohùn "n" tó ń tẹ̀ lé "kí", "kí n lọ", àgbà ilé wa kankan kò gbé e sókè rí. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí rẹ̀, kó mú gbólóhùn kan wá láti ẹnu ìyá rẹ̀ àgbà, kó má mú un wá láti ojú fóònù. Mo wà nílé.