Ọ̀sẹ̀ kan ní Ítálì pẹ̀lú màmá tí orúnkún ń dùn: ibo ni a ò gbọ́dọ̀ fò?

Ìyá Jọláadé

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá bẹ̀ yín fún. Níparí oṣù Karùn-ún, nígbà ìsinmi ilé-ìwé níbí ní London, mo fẹ́ mú màmá mi àti ọmọ mi ọkùnrin lọ sí Ítálì. Bí ọ̀sẹ̀ kan ni a ó lò. Físà gbogbo wa ti jáde, ẹ má da ara yín láàmú lórí ìyẹn.

Ibi tí a ó lọ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni màmá mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń sọ pé òun á fẹsẹ̀ òun tẹ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Róòmù kí òun tó kú. Ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, Naples ló ń pè tọ̀sán-tòru nítorí Osimhen tó gbá bọ́ọ̀lù fún Napoli tẹ́lẹ̀. Èmi fúnra mi, Venice ló wà lọ́kàn mi. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ tún ní bí a ò bá dé Florence, a ò tíì rí Ítálì.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ọ̀tún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n lè rìn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ wọn ò lè gun àtẹ̀gùn tó pọ̀, wọn ò sì lè dúró pẹ́ lórí ìlà. Ṣé ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ṣeé ṣe? Kí ni a gbọ́dọ̀ rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ni a lè fò? Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bùkún yín.

Abíọ́nà

Ẹ kú ètò o, ìyá Jọláadé. Mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ sùn ní ìlú mẹ́rin. Òótọ́ ni pé reluwé wọn yá: Róòmù sí Florence, bíi wákàtí kan àtààbọ̀, Florence sí Venice, bíi wákàtí méjì, Róòmù sí Naples, wákàtí kan àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń kó kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn, ìdajì ọjọ́ ti lọ nìyẹn, màmá ló sì máa rẹ̀ jù.

Ẹ sùn sí ìlú méjì péré, Róòmù àti Venice. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tó máa já yín sí Róòmù, tó sì máa gbé yín padà láti Venice, kí ẹ má baà padà sẹ́yìn. Naples, ẹ lọ kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà. Florence wà lójú ọ̀nà láàárín Róòmù àti Venice. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó Santa Maria Novella, ibi ìfẹrùpamọ́ wà níbẹ̀, ẹ lo wákàtí mélòó kan nínú ìlú, kí ẹ tún wọ reluwé ìrọ̀lẹ́. Àwọn reluwé ayára yẹn, owó wọn ń gòkè bí ọjọ́ ṣe ń súnmọ́, torí náà ẹ tètè rà á.

Ẹ̀gbọ́n Róòmù

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti Róòmù, torí ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ti màmá ni kí ẹ fi ṣáájú o, ìyá Jọláadé.

Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ kì í gbowó ìwọlé. Ìlà àyẹ̀wò ló máa ń gùn, aago méje àárọ̀ sì ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù kì í dúró pẹ́. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ère tí wọ́n ń pè ní Pietà wà níbẹ̀, Màríà jókòó, ó gbé òkú Jésù lé itan. Michelangelo ò tíì pé ọmọ ọdún 25 nígbà tó gbẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí màmá wo aṣọ tó bo orúnkún Màríà dáadáa: òkúta ni, ṣùgbọ́n ó rún bí ìró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ẹ̀yìn dígí ló wà báyìí, torí pé lọ́dún 1972 ọkùnrin kan fi òòlù lù ú tí apá Màríà fi kán. Òrùlé rìbìtì tó wà lókè, àtẹ̀gùn 551 ni. Ẹ̀rọ agbénigòkè wà, àmọ́ 320 ṣì máa kù lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ibì kan sì há débi pé ènìyàn ò lè yí padà. Ọmọ yín lè lọ. Kí màmá jókòó sísàlẹ̀ máa gbàdúrà wọn.

Ní ọjọ́rú, Póòpù máa ń bá àwọn èrò sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ní gbàgede, bó bá wà nílé. Ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ kọ̀wé béèrè ṣáájú sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìgbàlejò Póòpù. Àga wà, torí náà màmá ò ní dúró. Póòpù Leo XIV tó gorí oyè lọ́dún 2025 ti wá sí Nàìjíríà rí nígbà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Augustine. Ẹ sọ fún màmá, inú wọn á dùn. Ọjọ́rú kan náà, wọn kì í ṣí inú ṣọ́ọ̀ṣì títí ìpàdé yẹn á fi parí, nítorí náà ọ̀sán ni kí ẹ wọ̀ ọ́.

Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Vatican jìnnà láti ẹnu ọ̀nà dé ilé àdúrà Sistine, ìrìn pọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ àjà ilé tí Michelangelo kùn láàárín 1508 sí 1512 wà níbẹ̀, mi ò lè ní kí ẹ fò ó. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sinmi lójú ọ̀nà, bíńṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri Sistine fúnra rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn ya fọ́tò níbẹ̀. Ẹ bo èjìká àti orúnkún, tọkùnrin tobìnrin. Ṣòkòtò péńpé ọmọ yín ò ní wọlé. Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ sá fún un, èrò ọjọ́ náà kọjá sísọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Maggiore kò jìnnà sí Termini, ibùdó reluwé ńlá Róòmù. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Póòpù Francis sí lọ́dún 2025, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lórí sàréè rẹ̀ ju FRANCISCUS lọ. Tí ẹ bá lọ sí àdúgbò Lateran, màmá máa fẹ́ fi orúnkún gun Scala Santa, àtẹ̀gùn 28 tí àwọn onígbàgbọ́ gbà pé Jésù gùn lọ sọ́dọ̀ Pílátù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dán an wò. Àtẹ̀gùn mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ gùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì tún lè gbàdúrà nísàlẹ̀.

Colosseum, pápá ìran ńlá ayé àtijọ́: ẹ̀rọ agbénigòkè wà níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní orúkọ ẹni lára, wọ́n á sì yẹ páálí ìrìnnà wò lẹ́nu ọ̀nà. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló gba Forum, àwókù àárín ìlú Róòmù àtijọ́, àmọ́ òkúta tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ látijọ́ ti rí gbágungbàgun, ẹsẹ̀ màmá lè yẹ̀. Ẹ wo Forum láti òkè Campidoglio. Ọ̀fẹ́ ni, gbogbo rẹ̀ sì hàn kedere. Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbowó ìwọlé, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ó sì ti lé ní 1,800 ọdún. Ihò tó fẹ̀ tó mítà mẹ́sàn-án wà lágbede méjì òrùlé rẹ̀, wọn ò dí i. Bí òjò bá rọ̀, inú ilé ló ń rọ̀ sí. Ihò kéékèèké wà nílẹ̀ mábùlù tí omi ń gbà lọ, bí àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ṣe ṣe é nìyẹn.

Bí oúnjẹ wọn bá sú màmá, ọjà Esquilino lẹ́bàá Piazza Vittorio ni kí ẹ lọ. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata rodo wà níbẹ̀.

Àbíkẹ́ Castel Volturno

Ẹ má gbàgbé ọmọkùnrin wa o! Lọ́dún 2023 tí Napoli gba ife ẹ̀yẹ líìgì, ó ti tó ọdún 33 tí wọ́n ti gbà á kẹ́yìn, láyé Maradona. Góòlù 26 ni Osimhen gbá wọlé lọ́dún náà, kò sí ẹni tó gbá tó o ní gbogbo Ítálì. Ìyá Jọláadé, ẹ mú ọmọ yín lọ sí àdúgbò Quartieri Spagnoli kó rí àwòrán Maradona ńlá tó wà lára ilé alájà púpọ̀. Àwọn èèyàn ti sọ ibẹ̀ di ojúbọ, àbẹ́là àti aṣọ eré bọ́ọ̀lù kún ibẹ̀.

Pompeii, ìlú àtijọ́ tó wà nítòsí Naples, ni mo máa ń kọ́kọ́ mú àlejò lọ. Ọdún 79 ni òkè Vesuvius bú gbàmù, tí eérú bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Ẹ ó rí ipa táyà kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ti jẹ wọ inú òkúta ojú títì. Ẹ ó rí ilé oúnjẹ tí ìkòkò ṣì wà lójú káńtà rẹ̀. Àwọn tó kú síbẹ̀, ara wọn jẹrà tán, ó ṣẹ́ku ihò nínú eérú. Lọ́dún 1863 ni Giuseppe Fiorelli ní kí wọ́n da POP sínú àwọn ihò náà, bó sì ṣe gan tán ni ìrísí àwọn èèyàn náà jáde, títí kan bí wọ́n ṣe fọwọ́ bojú.

Bàbá Ìbejì Brescia

Àǹtí Àbíkẹ́, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n Róòmù sí Pompeii sí Naples sí Róòmù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú màmá? Ó ti pọ̀ jù. Reluwé kékeré Circumvesuviana tó ń lọ sí Pompeii máa ń kún àkúnfaya, ìjókòó ò dájú, àwọn jágùdà tó ń yọ nǹkan lápò sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Naples fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ohun tó dára jù ní Pompeii sí, títí kan búrẹ́dì tó ti di èédú. Ẹ̀rọ agbénigòkè wà, ibòòji wà. Ọjọ́ ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń tì. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ takisí lọ wo Maradona, ẹ jẹ pízà, ẹ padà sí Róòmù.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Èmi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ Venice rárá o. Èrò pọ̀, oúnjẹ wọ́n, afárá onítẹ̀ẹ̀gùn ló kún ibẹ̀, mọ́tò kankan ò sì lè wọ inú ìlú. Pẹ̀lú orúnkún màmá, ẹ lo gbogbo ọ̀sẹ̀ ní Róòmù.

Ṣadé Mestre

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta kò yín. Ẹni tó bá wá ní aago mọ́kànlá àárọ̀ tó sì lọ ní aago mẹ́rin, èrò ló rí, kò rí Venice. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn níbẹ̀. Tí àwọn alárìnkiri ọ̀sán bá ti lọ, ìlú á dákẹ́.

Ti afárá, ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ gùn ún. Láti iwájú ibùdó reluwé Santa Lucia, ẹ wọ vaporetto, ọkọ̀ ojú omi wọn, nọ́ńbà 1. Ó rọra ń lọ, ó sì ń gba odò ńlá àárín ìlú já títí dé gbàgede San Marco, lábẹ́ afárá Rialto. Màmá á jókòó, ààfin àwọn ọlọ́rọ̀ ayé àtijọ́ á máa kọjá lọ́tùn-ún lósì. Tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ kan tàbí méjì ló dára jù, torí owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo wọ́n.

Ní San Marco, ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wúrà ló kún òrùlé rẹ̀ látòkè délẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi tò ó. Ìtàn àwọn ará Venice ni pé lọ́dún 828, àwọn oníṣòwò wọn jí òkú Máàkù Mímọ́ gbé ní Alexandria, wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bò ó kí àwọn aṣọ́bodè tó jẹ́ Mùsùlùmí má baà fọwọ́ kàn án. Ilé agogo gíga tó wà níwájú rẹ̀ ní ẹ̀rọ agbénigòkè títí dókè téńté. Ó wó lulẹ̀ lọ́dún 1902, wọ́n sì tún un kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó parí lọ́dún 1912. Gbogbo erékùṣù ni màmá á rí láìgun àtẹ̀gùn.

Bí wọ́n bá tún ráyè, erékùṣù Murano ni kí wọ́n lọ. Ọdún 1291 ni ìjọba kó àwọn tó ń ṣe dígí lọ síbẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù iná, iṣẹ́ náà ò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì Brescia

Ẹni tó bá ráyè lọ́jọ́ iwájú, kó yà ní Verona. San Zeno tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, Áfíríkà ni wọ́n ní ó ti wá. Ère rẹ̀ dúdú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Jọláadé

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Mo ti pinnu: Róòmù láti ọjọ́ Àbámẹ́ta dé ọjọ́ Ẹtì, Venice láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Àìkú. Pompeii, a ó fi sílẹ̀. Ìbéèrè tó kù: báwo ni kí n ṣe to ọjọ́, kí a má baà bá ilẹ̀kùn títì? Ní Florence, kí ni a lè rí láàárín wákàtí mẹ́rin? Ṣé a tún máa san owó ìwọ̀lú tí mo gbọ́ pé wọ́n ń gbà ní Venice?

Abíọ́nà

Ọjọ́ Àìkú: ìsìn ní Santa Maria Maggiore, kí ẹ sì wà ní gbàgede Vatican ní aago méjìlá ọ̀sán tí Póòpù máa ń yọ lójú fèrèsé. Ọjọ́ Ajé: Sistine. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Colosseum láàárọ̀, Pantheon nírọ̀lẹ́. Ọjọ́rú: Póòpù, lẹ́yìn náà inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́bọ̀: Naples.

Florence bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ó dára, torí ọjọ́ Ajé ni Uffizi àti Accademia, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà méjì tó wà níbẹ̀, máa ń tì. Ẹ má wọ Uffizi lọ́jọ́ náà, ó tóbi ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ẹ gba àkókò sílẹ̀ fún ère Dáfídì ní Accademia: ó ga ju mítà márùn-ún lọ, ìsàlẹ̀ ilé ló sì wà. Ẹ wá lọ wo Duomo, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà. Òrùlé rìbìtì tí Brunelleschi kọ́, àtẹ̀gùn 463 ni, kò sí ẹ̀rọ. Ẹ wò ó láti ìta, ó tó. Ọmọ ọdún 15 kì í sanwó ní Colosseum, Pantheon, Accademia àti ilé àkójọ ti Naples, torí ti ìjọba ni wọ́n. Vatican kì í ṣe ti ìjọba Ítálì, yóò san díẹ̀ níbẹ̀.

Owó ìwọ̀lú Venice, ẹni tó bá sùn níbẹ̀ kì í san án, bó tilẹ̀ jẹ́ ní Mestre, apá ìlú Venice tó wà lórí ilẹ̀, ló sùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òfin náà bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ní láti gba àmì ìyọ̀ǹda lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ sì gbé e dání. Hòtẹ́ẹ̀lì á gba owó orí díẹ̀ lọ́wọ́ yín lálaalẹ́, ìyẹn yàtọ̀. Bí ẹ bá sì wọ reluwé kékeré pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé, ẹ kọ́kọ́ fi lu ẹ̀rọ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìdúró kí ẹ tó wọlé, torí owó ìtanràn wọn le.