Ta ló ti wọ ààfin Abomey rí? Ẹ wá sọ tiyín

Àdùkẹ́_Èkó
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ta ló ti dé ààfin àwọn ọba Dàhọ̀mì àtijọ́ ní Abomey, ní orílẹ̀-èdè Benin? Àwa mẹ́rin la jọ lọ láti Kùtọnú. Ọkọ̀ já wa sí Bohicon, a gun zémì, ọ̀kadà tiwọn, wọ ìlú. Ògiri amọ̀ pupa ni mo kọ́kọ́ rí, ó gùn lọ rẹrẹẹrẹ. Wọ́n mọ àmì àwọn ọba náà sára ògiri: kìnnìún Glele, ẹfọ̀n Gezo àti ọkọ̀ ojú omi Agaja. Òrùlé ibẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọlé. Gbogbo ẹ̀ ń dùn mọ́ mi títí a fi dé ìdí ìtẹ́ Gezo. Agbárí èèyàn mẹ́rin ló gbé ìtẹ́ náà dúró. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri wojú wa, ó ní, "Nàgó ni yín, àbí?" Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. Ẹnu mi ò lè là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, báwo ló ṣe rí lára yín?

Ìyá Ìbejì
Agbárí èèyàn kẹ̀? Mi ò lè débẹ̀ láéláé.

Ọmọ_Alákétu
Àdùkẹ́, tàwa ọmọ Kétu tún yàtọ̀. Ní 1886 ni Dàhọ̀mì fọ́ ìlú wa, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Abomey yẹn gan-an. Ìyá tó bí bàbá bàbá mi wà nínú wọn, ọmọdé tí ò tíì pààrọ̀ eyín. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Behanzin, ọba Dàhọ̀mì, ló tó rọ́nà padà wálé. Nígbà tí mo débẹ̀, mi ò bá àwọn yòókù wọ yàrá ìtẹ́. Mo dúró ní àgbàlá, mo gbé ọwọ́ lé ògiri. Oòrùn ọ̀sán ti pa á, ó gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí wọ́n kẹ́yìn, mo tún gbé ọwọ́ lé e.

Ìyá Ìbejì
Háà. Omi ti bọ́ lójú mi níbi mo jókòó sí.

Bàbá_Ẹ̀gbá
Ẹ má jẹ́ ká sunkún tán o! Gezo yẹn náà ló kógun wá bá wa l'Ábẹ̀òkúta ní 1851, a sì lé e padà. Glele ọmọ ẹ̀ tún dé ní 1864, a tún lé òun náà. Ẹ bi Ẹfúnróyè Tinúbú léèrè. Èmi yan wọ ààfin yẹn gbàgà ni.

Ọmọ_Alákétu
Bàbá, ẹ̀yin ní Olúmọ. Àwa náà ní odi, ebi ló ṣí ilẹ̀kùn wa fún wọn.

Bàbá_Ẹ̀gbá
Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Má bínú.

Àjàní Ọ̀yọ́
Kò sẹ́ni tó sọ pé Dàhọ̀mì ti sin Aláàfin rí? Láti nǹkan bí 1730 ni wọ́n ti ń san ìṣákọ́lẹ̀. Gezo ló kọ̀ ọ́.

Tọ́lá
Ẹ̀gbọ́n Àjàní, èèyàn wà nínú ìṣákọ́lẹ̀ yẹn. Ẹ má fi yangàn.

Àjàní Ọ̀yọ́
Mi ò yangàn, ìtàn ni mo sọ.

Tọ́lá
Ọmọ ẹlòmíì náà ni ìtàn yẹn.

Dáre
Èyí tí wọ́n ní wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ èèyàn po amọ̀ ilé kan níbẹ̀ ńkọ́? Mi ò gbà á gbọ́.

Ìyàwó_Sàbẹ́
Fọ̀n, ẹ̀yà àwọn ọba Dàhọ̀mì, ni màmá mi, ará Sàbẹ́ ni bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ìkòkò Gezo tó kún fún ihò wà lára ògiri yẹn náà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí gbogbo ọmọ ìlú bá fi ìka dí ihò ẹ̀, omi ò ní jò. Màmá mi ń sọ ọ́ fún wa nígbàkigbà tá a bá jà nílé. Ní 2022, mo lọ wo àwọn ẹrù 26 tí Faransé kó lọ ní ààfin yẹn, tí wọ́n wá dá padà ní oṣù kọkànlá 2021, ní Kùtọnú. Èrò pọ̀, a tò títí. Nígbà tí a dé iwájú ère Behanzin, èyí tó jẹ́ èèyàn lápá kan tó jẹ́ ẹja ekurá lápá kan, bàbá arúgbó tó wà níwájú mi bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó tì í síwájú.

Ìyá Ìbejì
Ìwọ ńkọ́? Ṣé o kúnlẹ̀?

Ìyàwó_Sàbẹ́
Mo bá a mú bàtà ẹ̀ dání.

Ọmọ_Alákétu
O ṣeun, àbúrò mi. Kí ẹ máa kí màmá. Àdùkẹ́, tó o bá tún ń bọ̀ lápá ibí, yà ní Kétu, kí n mú ọ wo Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu odi wa àtijọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Àdùkẹ́_Èkó
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?