Aṣọ 38, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹyọ kan tó parí. Ẹ gbà mí o!

Ọmọ Ìtòkú, Manchester: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá jí kó dá mi lóhùn. Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ní nílé, lẹ́yìn ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, tí àbúrò mi ọkùnrin ń bá mi mójú tó. Télọ̀ márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mo gba iṣẹ́ ìgbéyàwó kan tí wọ́n máa ṣe ní Birmingham. Agbádá 14, ìró àti bùbá 19, ti àwọn ọmọdé 5. Àdìrẹ ni gbogbo ẹ̀, kò sì sí méjì tó jọra, torí olúkúlùkù ló fi fọ́tò ọrùn tó wù ú ránṣẹ́. Ẹni tó máa bá mi gbé e bọ̀ ń wọ bàálù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní.

Mo pe àbúrò mi láàárọ̀. Mo ní mélòó ló ti parí? Ó ní, "Àǹtí, gbogbo ẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀." Mo ní mélòó ló ti PARÍ? Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́wọ́." Mo ní kó tan fídíò. Ẹ̀yin èèyàn mi, òkìtì ni mo rí. Èyí tí wọ́n ti gé tí wọn ò tíì rán, èyí tó ní apá ọ̀tún tí ò ní tòsì, bùbá tí wọn ò mọ ẹni tó ni ín mọ́. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ní káàdì ni kí n fi máa ṣe é, pé ohun tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò ń lò nìyẹn. Ta ló ti lò ó rí? Káàdì mélòó? Kí ni mo máa kọ sí i? Àyà mi ń já.

Ọmọ Ìbarà, Toronto: "Gbogbo ẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀." 😂 Ọmọ ìyá "ó ku bọ́tìnnì" nìyẹn.

Ìjẹ̀bú Kan Ṣoṣo, Dublin: Káàdì? Ṣé wọ́ọ̀tì lẹ fẹ́ máa ta ni? Agbádá 14, jẹ́nẹ́rà mákẹ́ẹ̀tì!

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ná, inú ọmọ yìí ò dùn. Ọmọ mi, pe àbúrò ẹ padà nísinsìnyí, kó gbé àlùmọ́gàjí pamọ́. Wọn ò gbọdọ̀ gé nǹkan kan mọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ tó wọn í jẹ.

Irú ìyà yìí ti jẹ mí rí. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ ṣí níbí, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Mo gé páálí sí méjìlá, mo kọ nọ́ńbà sí i, mo kan ìṣó méjìlá mọ́ ògiri. Òfin kan ṣoṣo ló wà: aṣọ tí ò bá ní káàdì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi àlùmọ́gàjí kàn án. Tí aṣọ bá parí, tá a ti lọ̀ ọ́, tó ti wọ náílọ́nù, káàdì ẹ̀ á padà sórí ìṣó, ìgbà yẹn la tó lè gé òmíràn. Mo sùn fún oṣù méjì gbáko. Àfi bó ṣe di oṣù December, tí àwọn ìyá ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ẹ ti gé tèmi?" Ojú ń tì mí láti sọ pé rárá. Káàdì sì ti tán lára ìṣó. Ni mo bá mú páálí kọ́nfíléèkì, mo gé káàdì ogún sí i.

Bọ̀dá Milwaukee: Yéèpà.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré, a ti padà sínú òkìtì. Wọ́n fi apá bùbá ìyá ìyàwó rán ti ìyá ọkọ. Lẹ́ẹ̀sì kan náà ni, ìwọ̀n ló yàtọ̀. Ìyá ọkọ wọ̀ ọ́ dé gbọ̀ngàn, onílù kì wọ́n, wọ́n gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n jó, aṣọ ya láti abíyá dé ìbàdí. Lẹ́ẹ̀sì méjèèjì ni mo san. Owó ọkọ̀ òfuurufú tí mo fẹ́ fi wálé lọ́dún yẹn ló bá a lọ.

Ọmọ Ìbarà, Toronto: Ẹ má bínú o, Mọ̀mí, ẹ̀yin lẹ ṣẹ òfin ara yín. Káàdì ò jẹ̀bi.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ìwọ ò tíì rí ìyá ìyàwó tó ń sunkún lójú ẹ. Máa sọ̀rọ̀.

Bàbá Fìlà, Peckham: Èmi ò dá Ìyá Ìbejì lẹ́bi. Káàdì yẹn, ti àwọn tó ń ṣe ohun kan náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni. Mọ́tò lónìí, mọ́tò lọ́la. Iṣẹ́ tiwa, orí ẹnì kan kì í bá tẹnì kejì mu. Ẹ lọ fi káàdì rán fìlà ẹni tórí ẹ̀ tóbi.

Ọmọ Ìbarà, Toronto: Bàbá, ṣé ẹni tó gé káàdì ogún kún méjìlá tó rí ara ẹ̀ nínú wàhálà, orí tó tóbi ló fà á?

Bọ̀dá Milwaukee: Bàbá Fìlà ò parọ́, ibi tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ sí ni mi ò gbà. Káàdì àwọn tó ń ṣe mọ́tò yẹn, ìyẹn Kanban tí Taiichi Ohno bẹ̀rẹ̀ ní Toyota, ní nǹkan bíi 1953, súpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ló fi ṣe àwòkọ́ṣe. O mú mílíìkì kan lórí pẹpẹ, wọ́n fi mílíìkì kan dípò. Káàdì yẹn ní orúkọ ohun kan pàtó lára. Ta ló máa rán agbádá bàbá ìyàwó sílẹ̀ de bàbá ìyàwó tí ò tíì wá? Níbi iṣẹ́ wa, irin àtẹ̀gùn àti gèétì la ń jó, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tiẹ̀. Tá a bá lo ti Toyota bó ṣe rí, ebi á pa wá.

Àmọ́ ohun tí Ìyá Ìbejì ṣe kó tó di December kì í ṣe ti Toyota. CONWIP ni wọ́n ń pè é, ìyẹn pé iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ò gbọdọ̀ yí padà; àwọn ọ̀mọ̀wé kan, Spearman, Woodruff àti Hopp, ló kọ̀wé lé e lórí ní 1990. Káàdì ò bìkítà ta ló laṣọ. Iye tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń kà. Ìjókòó dánfó ni: èrò kan ò bọ́ọ́lẹ̀, kọ́ńdọ́ ò gbọdọ̀ pe òmíràn. Mọ̀mí kàn sọ dánfó di mọ́lùè ni.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ọlọ́run á bi ọ́. 😂

Bàbá Fìlà, Peckham: Kí lẹ tún ń pè é, kọ́n kí ni? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìjemọ̀, ìṣó méje ló wà lára ògiri wọn. Fìlà tí ò bá ráyè lórí ìṣó, inú àpò ló ń sùn. Tí olówó bá dé, tó ń pariwo, ọ̀gá á ní, "Ẹ wo ògiri." Wọn ò mọ Toyota, wọn ò mọ Amẹ́ríkà. Tí ọmọ iṣẹ́ bá kan ìṣó kẹjọ, ẹgba ni.

Bọ̀dá Milwaukee: Bàbá, ẹ̀gbọ́n CONWIP lọ̀gá yín nígbà náà.

Ọmọ Ìtòkú, Manchester: Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n mélòó ni kí n gé?

Bọ̀dá Milwaukee: Aṣọ mélòó ni wọ́n ń parí lójúmọ́, nígbà tí nǹkan bá ń lọ déédéé?

Ọmọ Ìtòkú, Manchester: Méjì. Tí iná bá wà.

Bọ̀dá Milwaukee: Ó dáa. Ìṣirò kan wà tí John Little fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1961. Iye tó wà nílẹ̀, fi iye tó ń parí lójúmọ́ pín in, iye ọjọ́ tí aṣọ kan máa lò nínú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. 38 nílẹ̀, 2 lójúmọ́, ọjọ́ 19. Tó bá jẹ́ 10 ló wà nílẹ̀, ọjọ́ 5, o ti ń rí aṣọ tó parí, o sì ti lè rí àṣìṣe kí ó tó pọ̀. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, káàdì ò ní fi ọwọ́ kún ọwọ́ télọ̀. Ó kàn ń gbà wọ́n lọ́wọ́ wíwá apá òsì kiri ni.

Ọmọ Ìtòkú, Manchester: Ọjọ́ 19? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí Sunday, ọjọ́ 18 ni! 😭

Ìyá Ìbejì, Houston: Ra ti àwọn ọmọdé márùn-ún ní rírán sílẹ̀ ní Ìtòkú. Ọmọdé ò mọ ọrùn. Ó ku 33.

Bọ̀dá Milwaukee: Ọ̀rọ̀ àgbà. Èwo ló máa ń pẹ́ jù nínú agbádá?

Ọmọ Ìtòkú, Manchester: Ọnà ọrùn. A ò ní ẹ̀rọ ẹ̀, ẹnì kan ní Pánsẹ́kẹ́ ló ń bá wa ṣe é. Òun nìkan, ẹ̀rọ kan. Àbúrò mi ní agbádá mẹ́sàn-án ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ó ní ó ti fi lé ara wọn bí ìtí igi.

Bọ̀dá Milwaukee: Háà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe télọ̀ yín ló há, ọlọ́nà ló há. Níbí ní Wisconsin, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì Madison, Rajan Suri, ló gbé ètò káàdì kan tí wọ́n ń pè ní POLCA jáde ní 1998 fún irú ilé iṣẹ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Káàdì á ní orúkọ ibi méjì lára, bíi RÍRÁN/ỌNÀ. Gé mẹ́ta péré fún ìyẹn. Télọ̀ tó bá fẹ́ mú agbádá máa kọ́kọ́ wò ó bóyá káàdì RÍRÁN/ỌNÀ wà lórí ìṣó. Tí kò bá sí, ìyẹn ni pé Pánsẹ́kẹ́ ti kún, kó mú ìró àti bùbá tí ò ní ọnà rán. Káàdì á bá agbádá lọ sọ́dọ̀ ọlọ́nà, tó bá parí, káàdì á padà. Àti ọjọ́: kọ ọjọ́ tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ sí i, kí wọ́n má fi èyí tó rọrùn ṣáájú.

Ọmọ Ìbarà, Toronto: Télọ̀ wo ló máa ka gbogbo ìyẹn? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ káàdì pupa àti funfun.

Bàbá Fìlà, Peckham: Ọlọ́nà Pánsẹ́kẹ́ yẹn náà ń gba ti ẹlòmíì o. Káàdì yín ò ká tiwọn mọ́.

Bọ̀dá Milwaukee: Òótọ́ nìyẹn. Ẹ sanwó fún un ṣáájú.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ohun tó o máa kọ sí i: orúkọ, ìwọ̀n, ọjọ́. Má kọ "Mọ̀mí Ṣadé", Mọ̀mí Ṣadé á pé mẹ́ta nínú ìgbéyàwó kan. Kó gé ègé aṣọ náà, kó fi pín-ìnnì mọ́ káàdì, ìyẹn ni ò bá gbà mí lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Kó sì fi náílọ́nù wé e. Àdìrẹ tí ò tíì gbẹ dáadáa á da aró sí nọ́ńbà lára.

Ọmọ Ìbarà, Toronto: Ṣé gbogbo àdìrẹ ọ̀hún ti gbẹ? Òjò ń rọ̀ nílé o. Ìyá mi ní ọjọ́ mẹ́ta ni oòrùn ò yọ, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó wà lórí okùn ń rùn.

Ọmọ Ìtòkú, Manchester: Ẹ má dá kún un, ẹ jọ̀ọ́.

Ìjẹ̀bú Kan Ṣoṣo, Dublin: Ká ní Ìjẹ̀bú Òde lẹ gbé e lọ ni, wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ báyìí.

Bàbá Fìlà, Peckham: Ìjẹ̀bú tó ń wá ra àdìrẹ ní Ìtòkú kí Ojúde Ọba tó dé? Jókòó jẹ́ẹ́. Ìyàwó Ẹ̀gbá tó o fẹ́ la ṣe gbà ọ́ síbí.

Ìjẹ̀bú Kan Ṣoṣo, Dublin: A ń rà á, a ń sanwó. Ẹ̀yin ń gbà á láwìn.

Ọmọ Ìbarà, Toronto: Ó ti dé! 😂😂 Ẹni tó ń fi gaàrí mu omi ń bá ẹni tó ń jẹ làfún sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston: Má dárúkọ làfún. Níbí, wọ́n máa ń kọ làfún sára ọ̀rá, tó o bá rò ó tán, á di ohun tí mi ò mọ̀.

Bàbá Fìlà, Peckham: Ẹ kó wá sí Peckham. Mo lè fi sílípáàsì rìn lọ ra làfún, ewédú, ẹja, kí omi orí iná mi tó hó. Houston kàn gbòòrò lásán ni.

Ìyá Ìbejì, Houston: Oòrùn ńkọ́? Àwa ń sá aṣọ síta. Ẹ̀yin ń sá a sórí rédíétọ̀.

Ọmọ Ìbarà, Toronto: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jà sí oòrùn, àdìrẹ mi ti wà nínú àpótí láti October. Mo máa ń ṣí i, mo máa ń gbóòórùn ẹ̀, mo máa ń pa á dé. Ìyàwó mi rò pé orí mi dàrú.

Ìyá Ìbejì, Houston: Kò dàrú. Mo ní wírápà kan tí mi ò tíì fọ̀ láti ìgbà tí mo rà á. Tí mo bá gbé e símú, mo ti wà ní Ìtòkú, ẹnì kan ń fà mí lọ́wọ́, "Àǹtí, ẹ wo tèmi." Mo gun Olúmọ gbẹ̀yìn nígbà tí àwọn ìbejì ṣì wà ní ikùn mi. Wọ́n ní kí n má gùn ún. Mo dé òkè, mo rí gbogbo páànù ilé tó ti dógùn-ún, mo rí odò Ògùn, mo jókòó, mo sunkún. Mi ò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún.

Bàbá Fìlà, Peckham: Ìjemọ̀ ni mò ń wò ní tèmi. Wọ́n ti wó ilé tí ìṣó méje yẹn wà.

Ọmọ Ìtòkú, Manchester: Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ pé ilé dùn. Káàdì MÉLÒÓ?

Bọ̀dá Milwaukee: Mẹ́wàá. Mẹ́ta nínú ẹ̀ fún ọnà.

Ìyá Ìbejì, Houston: Mẹ́jọ. Télọ̀ márùn-ún, kí ló fẹ́ fi mẹ́wàá ṣe?

Bàbá Fìlà, Peckham: Méje.

Ọmọ Ìbarà, Toronto: Ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà já òkìtì tó wà nílẹ̀ yẹn sí mẹ́wàá? Ìyẹn ni mi ò tíì gbọ́. Ṣé inú àpò ni 23 yòókù máa wọ̀ ni?

Bọ̀dá Milwaukee: Inú àpò. Kí wọ́n di ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀, apá rẹ̀, ọrùn rẹ̀, ohun gbogbo. Kí wọ́n fi odindi ọjọ́ kan ṣe ìyẹn.

Ọmọ Ìtòkú, Manchester: Ọjọ́ kan? Nínú 18?

Ọmọ Ìtòkú, Manchester: Àbúrò mi ti dáhùn. Ó ní òun ti kan ìṣó mẹ́wàá. Ó ní òun ò rí páálí, òjò ò jẹ́ kóun jáde, ni ó bá lẹ pépà mọ́ wọ́ọ̀tì ọmọ onílé. Agbádá bàbá ìyàwó ló wà lórí 20.

Ìjẹ̀bú Kan Ṣoṣo, Dublin: MO SỌ Ọ́! Ẹ bá mi wò ó, èwo ló gba 8? Ìyẹn ti wọ ìdádúró nìyẹn o.

Ọmọ Ìtòkú, Manchester: Ìyá ọkọ.

Ìyá Ìbejì, Houston: Pàrọ̀ ẹ̀ kíákíá.

Bàbá Fìlà, Peckham: Ta ló mọ ẹni tó ń gbé nǹkan láti Peckham lọ sí Houston? Kí n fi làfún gidi ránṣẹ́ sí obìnrin yìí.