Ẹfun ojú fún fọ́tò ọjọ́ ìbí: kí ni a ó ṣe tí kò fi ní máa bó lábẹ́ iná?

Ìbéèrè, láti ọwọ́ Ọmọ Aládìrẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Màá pé ogójì ọdún ní oṣù tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ ya fọ́tò ní ìrísí Ọ̀ṣun: aṣọ funfun, ẹgbà idẹ, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, àti ẹfun tí a tò wínníwínní láti iwájú orí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. A dán an wò lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú ẹfun ọjà tí a fi omi pò. Kò pẹ́ tó fi gbẹ tó sì ń sán. Bí mo ṣe rẹ́rìn-ín báyìí, èyí tó wà lẹ́bàá ẹnu já bọ́ sórí aṣọ. Nínú fọ́tò náà, ojú mi rí bí eérú, funfun yẹn sì tàn débi pé òun nìkan ni èèyàn ń rí.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Akunjú Ìbàdàn:
Ẹ kú oríire, mà. Amọ̀ ni ẹfun ọjà, ó ń fa omi ara mu, ìdí nìyẹn tó fi ń sán bí ojú bá ti mira. Ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún awọ ojú ni kí ẹ lò, irú èyí tí a ń fi omi tú, kí ẹ sì jẹ́ kó ki bí ògì tútù. Ìdí igi búrọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń lò, kì í ṣe irun rẹ̀: ẹ tì í bọ inú ọ̀dà, ẹ gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbé e sókè láìfà á. Bí ẹ bá tò ó tẹ̀ léra láìtún ìdí igi náà tì bọ inú ọ̀dà, àwọn àmì náà yóò máa kéré sí i fúnra wọn, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín iwájú orí lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ní ti eérú yẹn, ẹ wo ìpara àti àtíkè yín. Ìpara ìdènà oòrùn tó ní titanium dioxide tàbí zinc oxide máa ń dá ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì padà, àtíkè funfun kan náà a sì máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà náà sí abẹ́ apá fún ọjọ́ kan, nítorí mo ti rí ìpéǹpéjú tó wú nítorí ọ̀dà tí kò yẹ ara.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Ayàwòrán:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú, àfi kí ẹ má fi àtíkè pa gbogbo ojú. Dídán ara ló ń gbé awọ dúdú yọ nínú fọ́tò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú máa dán díẹ̀. Kí ayàwòrán yín gbé iná ńlá kan tí a fi aṣọ funfun bò sí ẹ̀gbẹ́, kí aṣọ ẹ̀yìn jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, kí ó sì wọ̀n ìmọ́lẹ̀ lórí ẹfun gan-an, kí etí àmì kọ̀ọ̀kan má bàa yọ́. A lè mú awọ ara mọ́lẹ̀ sí i lórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n funfun tó ti jóná, tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù lórí rẹ̀, kò ní àtúnṣe.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Ọmọ Ọlọ́ṣun:
Inú mi dùn pé Ọ̀ṣun lẹ yàn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín. Ẹfun, osùn àti wájì ni wọ́n fi ń kun ìyàwó òrìṣà, ìyẹn ẹni tuntun nínú ẹ̀sìn náà, nígbà tí ó bá ń wọlé òrìṣà, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Candomblé ní Brazil náà sì ń fi ẹfun kun ìyàwó òrìṣà tiwọn. Ẹ má ṣe da àmì ìgbà náà kọ, ẹ má sì fọwọ́ kan àtàrí. Ṣebí Láolú Ṣẹ́nbánjọ, ọmọ Ìlọrin, ló fi ọ̀dà funfun kun àwọn oníjó Beyoncé, olórin Amẹ́ríkà, nínú fíìmù orin rẹ̀, Lemonade, ní 2016. Ọnà tirẹ̀ ló fi ṣe é. Ẹ wá èyí tó jẹ́ ti ìdílé yín.

Èsì, láti ọwọ́ Ọmọ Aládìrẹ:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyá ìyá mi máa ń ta àdìrẹ oníko, Oṣùbàm̀bà ló sì fẹ́ràn jù, òṣùpá ńlá kan tí àwọn kéékèèké yí ká. Òun ni màá gbé síwájú orí, kí àwọn kéékèèké ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lálẹ́ òní ni màá fi ọ̀dà náà sí abẹ́ apá.