Ọ̀bẹ wo ló yẹ ẹni tó ń pàgọ́ sétí òkun ní Àgbádárìgì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì máa ń lọ pàgọ́ sétí òkun lápá Gberefu bí ìsinmi bá gùn. Àdá alágbẹ̀dẹ ni mo fi ń la igi ìdáná, òun náà ni mo fi ń bẹ́ àgbọn. Lóṣù tó kọjá, bí mo ṣe gbé e lu àgbọn kẹta báyìí, irin yọ lára èkù, ó fò kọjá ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi. Ìrù irin tó wà nínú igi yẹn kò gùn ju ìka mi lọ! Ọlọ́run ló yọ wá.

Mo wá fẹ́ ra ọ̀bẹ ńlá tí kì í ká, tí irin rẹ̀ gba inú èkù já dé ìdí. Mo ti wo Becker BK9, tí ojú rẹ̀ gùn tó ínṣì 9. Irin oníkábọ̀n ni, ó rọrùn láti pọ́n. Ṣùgbọ́n iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ńkọ́? Bí mi ò bá fi epo pa àdá mi lálẹ́, á ti dógùn-ún kílẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní sitéńlẹ́ẹ̀sì kì í tètè dógùn-ún, àmọ́ pípọ́n rẹ̀ lórí òkúta lásán kì í ṣeré. Àbúrò mi ní kí n kàn ní kí alágbẹ̀dẹ tún àdá ṣe. (Ìyàwó mi ní ta ni mo fẹ́ lọ bá jagun.)

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo méjèèjì létí omi iyọ̀, èwo ni kí n rà: oníkábọ̀n ni àbí sitéńlẹ́ẹ̀sì? Mo dúpẹ́ ṣáájú o.