Ìwé ìbò àwọn oníṣíà wọlé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó dìbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Amẹ́ríkà ni mo wà, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́fà tí mo ti wà ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n máa ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù wa láti fi ra ṣíà ilé-iṣẹ́ fún wa. Tèmi ti di 43. Ìwé ìbò ìpàdé ọdọọdún wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbá kan níbẹ̀ ní kí wọ́n gba ẹni tí kò bá wọn tan, kó wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nínú ìgbanisíṣẹ́, owó oṣù àti ìgbéga. Lábẹ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀dù àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ gàdàgbà sí pé ká dìbò "rárá".

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Èèyàn méjì tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ló ti di ọ̀gá lé mi lórí. Nígbà tí mo béèrè ìdí, ọ̀gá wa ní iṣẹ́ mi dáa, àmọ́ bí mo ṣe ń fọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sú àwọn oníbàárà. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Mo padà sídìí tábìlì, mo gbé nǹkan etí wọ̀, mo dá oníbàárà mọ́kànlá lóhùn kílẹ̀ tó ṣú. Kò sí ẹyọ kan tó ní kí n tún un sọ.

Ṣé ọ̀gá máa mọ bí mo ṣe dìbò? Ṣé ṣíà 43 tiẹ̀ já mọ́ nǹkan kan? Ṣé mo lè gbé àbá tèmi wá lọ́dún tó ń bọ̀?

Bàbá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá ta ṣíà náà, màá wáṣẹ́ síbòmíràn. Ìbò tí òfin ò fi dè wọ́n, kí la fẹ́ fi ṣe?

Oníṣirò: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé ìmọ̀ràn lásán ni irú ìbò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n máa ń gbọ́ ọ. Ní November 2021, Arjuna Capital, ilé-iṣẹ́ ìdókòòwò kan tó jẹ́ oníṣíà, ní kí Microsoft gbé ìròyìn jáde lórí ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú ẹ̀sùn fífi ìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu. Bọ́ọ̀dù ní rárá. Bíi 78 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí January 2022 tó parí, wọ́n ti kéde pé lọ́yà ìta ló máa yẹ ilé wọn wò. Ní March ọdún yẹn, ó lé ní ìdajì ìbò àwọn oníṣíà Apple tó ní kí wọ́n ṣe irú àyẹ̀wò tí àǹtí ń sọ yìí, bọ́ọ̀dù sì ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Àǹtí, bí ṣíà yín bá wà lọ́wọ́ bróókà, ìyẹn ẹni tó ń bá yín tọ́jú ṣíà, àròpọ̀ ìbò ni ilé-iṣẹ́ sábà máa ń rí. Bó bá jẹ́ orúkọ yín gan-an ló wà nínú ìwé wọn, ẹ wò ó bóyá wọ́n ní ìlànà ìbò ìkọ̀kọ̀. Bí ẹ bá rí bọ́tìnnì tó ní kẹ́ ẹ dìbò bí bọ́ọ̀dù ṣe fẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Pépà tẹ́ ẹ bá sì buwọ́ lù láì mú nǹkan kan, tiwọn náà ni wọ́n máa kà á sí.

Ti àbá tiyín: òfin SEC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ṣíà, ní kí ṣíà yín tó $2,000 fún ọdún mẹ́ta, tàbí $15,000 fún ọdún méjì, tàbí $25,000 fún ọdún kan. Ẹ ò lè da tiyín pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn kó lè pé.

Bàbá Ìbejì: Ẹni tí ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún pé kó wá yẹ̀ wọ́n wò, ṣé ó lè bú wọn?

Oníṣirò: Ó ṣẹlẹ̀ rí. Facebook ló fọwọ́ ara wọn gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò fún Laura Murphy, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aráàlú. Ìròyìn tó jáde ní July 2020 sọ ọ́ sí wọn lójú pé àwọn ìpinnu wọn kan fa ẹ̀tọ́ aráàlú sẹ́yìn.

Àdùkẹ́: Ẹ ka ẹni tó mú àbá yẹn wá o! Àwọn kan máa ń kọ ọ́ bíi pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n ń lé, kó wá jẹ́ pé ètò tó ń ran àwọn èèyàn bíi tiwa lọ́wọ́ gan-an ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n pa rẹ́. Àlàyé abẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà, kì í ṣe àkọlé. Gbogbo rẹ̀ ò lè ju ọ̀rọ̀ 500 lọ.

Lọ́yà Wa: Ẹ dìbò, àmọ́ ẹ má fi ìbò ṣe ẹjọ́. Àyẹ̀wò yẹn ò ní gba ipò yín padà fún yín. Title VII, apá kan nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Aráàlú ti 1964 tó dá ẹ̀tanú níbi iṣẹ́ lẹ́kun, kan ọ̀rọ̀ ohùn ẹnu torí ó so mọ́ ibi téèyàn ti wá. EEOC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tanú níbi iṣẹ́, lẹ máa mú ẹ̀sùn lọ bá: láàárín ọjọ́ 180, tàbí 300 níbi tí ìpínlẹ̀ bá ní àjọ tirẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n sọ fún yín pé ẹ ò gba ìgbéga náà?

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an ni. Àdùkẹ́, mo ti ka àlàyé rẹ̀. Ti àwọn tó fẹ́ àyẹ̀wò lóòótọ́ ni, mo ti dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́yà, mo wo kàlẹ́ńdà: ọjọ́ 241 rèé.

Lọ́yà Wa: 180 ti lọ nìyẹn. Ẹ sọ orúkọ ìpínlẹ̀ yín fún mi ní ìkọ̀kọ̀, lónìí. Bó bá jẹ́ ti 300, ọjọ́ 59 ló kù.